Ìpè Ọlọ́jà Tí Kò Kágò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé já wọ ilé onílé. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àgò onílé o!" Bí onílé bá fẹ́, á ní, "Àgò yà!" Bí kò bá fẹ́, àlejò á padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù dé, ó di ìlẹ̀kùn mìíràn sí ilé ènìyàn. Ẹni tí a kò mọ̀ rí lè wà ní ìlú òkèèrè, kí ó máa bá wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa. Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín nìyí: bí àwọn ènìyàn ṣe jà títí wọ́n fi rí ọ̀nà láti ti ìlẹ̀kùn yìí mọ́ ọlọ́jà tí kò kágò.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1876, Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí fóònù ní Amẹ́ríkà. Fún ìgbà pípẹ́, owó ìpè sí ọ̀nà jíjìn wọ́n púpọ̀. Ọlọ́jà kò lè máa fi pe gbogbo ayé. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ fóònù ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó kan lóṣù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, kí wọ́n lè máa pe ọ̀nà jíjìn bí wọ́n ti fẹ́. Àwọn oníṣòwò wá rí i pé èyí dín ìnáwó kù ju kí wọ́n máa rán ọmọ iṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé.

Wọ́n kó òṣìṣẹ́ jọ sínú yàrá, wọ́n fún wọn ní fóònù àti orúkọ àwọn tí wọn yóò pè. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ló ń tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló sì ń polówó. Kì í rẹ ẹ̀rọ. Ojú kì í tì í. Nítorí pé alẹ́ ni ènìyàn máa ń wà nílé, ìgbà oúnjẹ alẹ́ ni fóònù ń dún ṣáá.

Bí òfin ṣe dé

Àwọn ará Amẹ́ríkà ké pe ìjọba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, Ààrẹ George Bush tó jẹ́ bàbá fọwọ́ sí òfin kan. Òfin náà ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fi ohùn àgbàsílẹ̀ polówó ọjà sí ilé ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó tẹ̀ lé e ní ọlọ́jà kò gbọdọ̀ pe ilé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè lọ sí ilé ẹjọ́, kí ó gba 500 dọ́là lórí ìpè kan.

Síbẹ̀, wàhálà kù. Onílé ní láti sọ fún ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ má pè mí mọ́." Bí ọlọ́jà bá jẹ́ 100, á sọ ọ́ nígbà 100. Nítorí náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ìjọba ṣí ìwé ńlá kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìpè ọjà á fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, nọ́ńbà tó wọ inú rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Àwọn ọlọ́jà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ìwé náà múlẹ̀. Ọlọ́jà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé náà lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe gbọ́.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Ní Nàìjíríà, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká irú ti òde òní bẹ̀rẹ̀ sí í kún ìlú. Ọ̀rọ̀ ìpolówó sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2016, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí wọ́n má ṣe polówó fún un mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ẹnubodè, tí ẹ ní nọ́ńbà Nàìjíríà, ẹ rántí èyí.

Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣí ìwé bíi ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2016. Ìpè kò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n ṣe òfin tuntun. Òfin náà mú ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2026, pé láti ọjọ́ náà lọ, ọlọ́jà kò gbọdọ̀ pe ẹni tí kò kọ́kọ́ gbà fún un. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, onílé ló ń sáré lọ ti ìlẹ̀kùn. Nínú òfin tuntun, ọlọ́jà ni yóò kágò.

Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, òfin kan jáde tí a fi ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára àti fóònù. Ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ àti nọ́ńbà wa polówó. Àjọ tí wọ́n ń pè ní APDP ni ó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ yìí.

Ọlọ́jà yàtọ̀ sí olè

Òfin a máa dẹ́rù ba ẹni tó ń tà á ní gbangba. Kì í dẹ́rù ba olè. Olè lè mú kí nọ́ńbà èké hàn lójú fóònù yín. Ó tilẹ̀ lè fi ẹ̀rọ dá ohùn ènìyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ohùn tó jọ ti Ààrẹ Biden pe àwọn olùdìbò ní New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òun. Ẹ̀rọ ni. Ní oṣù Kejì, ìjọba kéde pé òfin ọdún 1991 de irú ohùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí òfin ti ń ṣọ́ yín, kí ẹ̀yin náà ṣọ́ ara yín. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá pè, ẹ bi ara yín pé: ṣé èmi ni mo wá a, àbí òun ló wá mi? Bí ọjà ni, tí ẹ kò fẹ́, ẹ sọ pé, "Mi ò fẹ́, ẹ má pè mí mọ́," kí ẹ sì pa á. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ó bá ní ẹ ti jẹ ẹ̀bùn, tàbí owó ṣèèṣì wọ inú fóònù yín kí ẹ dá a padà kíákíá, ẹ má yára. Ẹ kọ́kọ́ wo iye owó tó wà níbẹ̀ fúnra yín. Nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń gba owó lórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ sọ pé ilé-iṣẹ́ fóònù ni òun ti ń pè.

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó bá wọlé tán kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Bí nọ́ńbà kan bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó pè, kí ẹ mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ fóònù yín. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni a lè fi ṣẹ̀rí.