Láti oòrùn Jámánì dé Abidjan: Ìtàn ìtọ́jú lésà fún ojú tí ìtọ̀ ṣúgà ń bà jẹ́

Ní àdúgbò Treichville àti Adjamé nílùú Abidjan, kì í ṣòro láti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ọlọ́jà. Àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àtàwọn ìlú míì nílẹ̀ Yorùbá, ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, débi pé àwọn ọmọ onílùú ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n: Anango.

Ọ̀pọ̀ tó bá ọkọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà èwe ló ti darúgbó síbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀gbẹ, wà lára ohun tí àgbà máa ń bá pàdé. Bó bá sì ti pẹ́ lára, ó lè dé ojú.

Nígbà náà ni dókítà máa ń dárúkọ lésà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ohun tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni. Àmọ́ ìtọ́jú náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọn oògùn tuntun sì ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, fún ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ àlọ àti àbọ̀ láàárín Abidjan àti ilé, ìtọ́jú àtijọ́ yìí ní àǹfààní kan tí àwọn tuntun kò ní.

Nígbà tí wọ́n ń la orí nítorí ojú

Ṣáájú ọdún 1851, kò sí dókítà tó lè rí ẹ̀yìn inú ojú ẹni tó wà láàyè. Ọdún yẹn ni Hermann von Helmholtz, ọmọ Jámánì, gbé ohun èlò kan jáde tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú ẹyinjú. Ní 1855, Eduard Jaeger nílùú Vienna ṣàpèjúwe àwọn àpá tó rí lára awọ ẹ̀yìn ojú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Awọ tín-ín-rín yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní retina, ló ń gba ohun tí a bá wò, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àwọn akẹgbẹ́ Jaeger kan kò gbà pé ìtọ̀ ṣúgà ló fa àpá náà, àríyànjiyàn ọ̀hún sì pẹ́ gan-an.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà líle bá mú ní kékeré kì í pẹ́ láyé tí ojú rẹ̀ yóò fi rí àyè bàjẹ́. Insulin ló yí ìyẹn padà. Frederick Banting àti Charles Best ṣàwárí rẹ̀ nílùú Toronto ní 1921, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ló sì kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1922. Ẹ̀mí àwọn aláìsàn gùn sí i. Àmọ́ ẹ̀mí tó gùn yẹn náà ló fún ṣúgà láyè láti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1953, dókítà ọmọ Denmark kan, Jacob Poulsen, ròyìn ohun àrà kan. Obìnrin kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà bímọ, kókó kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pituitary, sì kú lẹ́yìn ìbímọ náà. Lẹ́yìn èyí, ojú obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sàn.

Bí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó náà kúrò lágbárí àwọn aláìsàn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá yọ ọ́ fún yóò máa lo oògùn títí ayé láti rọ́pò iṣẹ́ tí kókó náà ń ṣe lára. Àwọn kan kò tiẹ̀ jí láti orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Kí èèyàn gbà kí wọ́n la orí òun kí ojú òun má baà fọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Oòrùn ọdún 1945

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1945, òṣùpá bo oòrùn lójú lókè ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ iléèwé ìṣègùn kan gbójú sókè wò ó láìfi ohunkóhun bojú. Oòrùn jó o ní ẹ̀yìn ojú, ó sì dá àpá kékeré kan síbẹ̀.

Dókítà tó rí àpá náà, Gerd Meyer-Schwickerath, ronú síwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè dá àpá sí awọ ẹ̀yìn ojú láìfi abẹ kàn án, ṣé dókítà kò lè mọ̀ọ́mọ̀ dá irú àpá bẹ́ẹ̀ síbi tó bá fẹ́? Ó kọ́kọ́ lo oòrùn fúnra rẹ̀, tó fi dígí darí rẹ̀ sínú ojú aláìsàn. Àmọ́ oòrùn kì í gbọ́ ti dókítà. Bí ìkùukùu bá ṣú, iṣẹ́ dúró. Nítorí náà, òun àti iléeṣẹ́ Zeiss ṣe ẹ̀rọ oníná kan tó ń lo afẹ́fẹ́ xenon láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó ń dunni, àmì tó ń dá sílẹ̀ sì tóbi.

Lésà ló tún un ṣe. Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960. Pupa ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa kì í sì í ràn mọ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ní 1968, Francis L'Esperance nílùú New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi lésà argon tọ́jú ojú. Ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé àti búlúù, èyí tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà mọ́ra.

Àwọn tó fi ojú kan dúró

Ní ọdún 1968 yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ kóra jọ sí Airlie House ní ìpínlẹ̀ Virginia, l'Amẹ́ríkà, láti jíròrò lórí ojú tí ìtọ̀ ṣúgà ń fọ́. Àwọn kan ní lésà ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kó máa ba ojú jẹ́ sí i. Kò sẹ́ni tó lè fìdí tirẹ̀ múlẹ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà wá gbé owó kalẹ̀ fún ìwádìí ńlá kan ní ibùdó ìtọ́jú 15. Àwọn aláìsàn tó lé ní 1,700 forúkọ sílẹ̀ láàárín 1972 sí 1975. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yálà pẹ̀lú lésà argon tàbí ẹ̀rọ xenon. Wọ́n fi ojú kejì sílẹ̀ láìtọ́jú kí wọ́n lè fi wéra, kèké ni wọ́n sì ń ṣẹ́ láti mọ ojú tí ìtọ́jú yóò bọ́ sí.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó mọ̀ pé ojú òun méjèèjì ń bàjẹ́ fọwọ́ sí i pé kí ọ̀kan dúró. Orúkọ àwọn dókítà wà nínú ìwé ìtàn, àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò lórúkọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló fi ojú san owó ìmọ̀ náà.

Ní 1976, èsì ti hàn kedere débi pé kò bójú mu mọ́ láti máa fi ojú kejì tó wà nínú ewu sílẹ̀. Ìtọ́jú náà dín ewu kí ojú fọ́ pátápátá kù ju ìdajì lọ. Wọ́n yí ìlànà ìwádìí padà, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa tọ́jú ojú tó ti ń dúró. Ìwádìí kejì tún tẹ̀lé e, èèyàn 3,711 ló kópa níbẹ̀. Láti 1985 ni èsì rẹ̀ ti ń fi ìgbà tó yẹ kí lésà bẹ̀rẹ̀ hàn.

Kí ni lésà náà ń ṣe nínú ojú?

Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́. Àwọn kan á máa jò, àwọn kan á dí. Bí awọ ẹ̀yìn ojú kò bá rí ọ́síjìn gbà tó, yóò máa ké pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àmọ́ iṣan tuntun yìí kì í lágbára. Ó lè bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kún inú ojú lójijì, tàbí kó fa awọ náà kúrò láyè rẹ̀.

Lésà máa ń jó àwọn ibi kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ awọ náà. Apá tó jó kò béèrè ọ́síjìn mọ́, igbe náà á rọlẹ̀, iṣan tuntun á sì rọ. Bíi ti àgbẹ̀ tó dáná sun etí oko kí iná ńlá má baà jó àárín rẹ̀ ni. Nínú ìlànà tí ìwádìí kejì lò, àmì 1,200 sí 1,600 ni ojú kan ń gbà, wọ́n sì máa ń pín in sí ìjókòó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aláìsàn á jókòó, wọ́n á kán oògùn sí i lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, wọ́n á kán èyí tó ń pa ìrora, á sì gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Dókítà á fi dígí kékeré kan lé ojú náà kó má baà ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ á máa kọ mànà léraléra. Àwọn kan kì í mọ nǹkan kan lára, àwọn kan á ní ó ń gún àwọn nínú orí. Ojú á ṣókùnkùn fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà kò yẹ kí aláìsàn wa ọkọ̀ lọ sílé.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìríran lálẹ́ àti ní ẹ̀gbẹ́ ojú lè dín kù. Kì í sì í dá ojú tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń dá sí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le, nítorí ìgbà tí lésà wúlò jù lọ ni ìgbà tí aláìsàn ṣì ń ríran, tí nǹkan kan kò sì dùn ún. Ta ló fẹ́ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa nítorí ojú tí kò dùn ún?

Ọ̀nà Abidjan

Ní 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan lọ sí òkè. Ìlú náà di olú ìlú ní 1934. Nígbà tí wọ́n la ojú omi Vridi ní 1950, tí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọlé, òwò búrẹ́kẹ́. Àwọn Yorùbá ń dé lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá ti ráyè á ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Ìdí nìyí tí èdè Faransé àti owó CFA kì í fi í ṣe àjèjì ní Èjìgbò lónìí, tí ọkọ̀ sì ń gbéra níbẹ̀ tààrà lọ sí Abidjan.

Ọkọ̀ náà ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ kejì fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Àmọ́ ìtàn ìrìnàjò yìí kún fún ìdádúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010 pa nǹkan bí 3,000 èèyàn. Ní 2020, Kòrónà ti ẹnubodè pa.

Kí ló kan ojú nínú gbogbo èyí? Ó kàn án gan-an, nítorí ojú tí ìtọ̀ ṣúgà ti dé ń fẹ́ dókítà tí yóò máa rí i nígbà gbogbo.

Ìtọ́jú kò jìnnà ní Abidjan. Ibùdó ìjọba fún ìtọ̀ ṣúgà wà ní Adjamé, àwọn ilé ìwòsàn fásitì wà ní Treichville àti Cocody, àwọn ilé ìwòsàn ojú aládàáni náà sì wà. Àyẹ̀wò tó ń ṣíwájú lésà ni wọ́n ń pè ní fond d'œil, ìyẹn wíwo ẹ̀yìn inú ojú. Ìyá ọlọ́jà tó mọ Faransé ìdúnàádúrà dáadáa lè má mọ ti ilé ìwòsàn, nítorí náà ọmọ tó lọ iléèwé níbẹ̀ ló sábà máa ń bá ìyá rẹ̀ túmọ̀.

Abẹ́rẹ́ tuntun àti ẹni tó rìnrìn àjò

Lóde òní, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún sínú ojú, bíi ranibizumab àti bevacizumab. Bí àárín awọ ẹ̀yìn ojú bá wú, abẹ́rẹ́ yìí ló sábà máa ń ṣáájú, lésà kò bá a dọ́gba níbẹ̀. Ní ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, ìwádìí kan tó jáde l'Amẹ́ríkà ní 2015 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì, abẹ́rẹ́ ranibizumab kò kéré sí lésà.

Àmọ́ àwọn tó wà nínú ìwádìí náà ń padà wá déédéé. Ní 2019, àwọn dókítà ní Philadelphia gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn tó pòórá fún oṣù mẹ́fà ó lé kí wọ́n tó padà wá. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan, ojú wọn ti bàjẹ́ ju ti àwọn tó ṣe lésà lọ. Awọ ẹ̀yìn ojú àwọn kan nínú wọn ti ṣí kúrò láyè rẹ̀. Agbára abẹ́rẹ́ máa ń tán lára, àpá lésà kì í kúrò níbi tí wọ́n dá a sí.

Ẹni tó ń lọ ṣọdún nílé tí oṣù kan sì lè di mẹ́jọ, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà rẹ̀ kí wọ́n tó yan ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ lésà ni, kó parí gbogbo ìjókòó rẹ̀ kó tó wọkọ̀, kó sì gba ìwé tó sọ ojú tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti iye àmì tí wọ́n dá síbẹ̀. Faransé ni ìwé náà yóò jẹ́, dókítà l'Óṣogbo sì lè má gbọ́ ọ. Àmọ́ ní Èjìgbò, wọn ò ní wá ẹni tí yóò kà á jìnnà.