Ẹsẹ̀ Ló Ṣẹ́, Kí Ló Kan Orí?

Ní ọdún 1981, ọ̀rẹ́ mi kan, birikìlà, já bọ́ láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́, eegun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. A gbé e jù sẹ́yìn takisí bí àpò gààrí, ẹsẹ̀ náà ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kejì ní ọsibítù, ó jẹ ẹ̀kọ, ó bá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń pe èmi ní orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin figbe ta: "Háà, ayé ti dé! Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, kí ló kan orí?" Ó nawọ́ sí ìyàwó kékeré.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn tó fún ara rẹ̀ ni kò dára.

Ní ọdún 1862, dókítà ará Jámánì kan, Zenker, yẹ òkú òṣìṣẹ́ rélùwéè kan wò, ẹni tí ìjàǹbá ti tẹ ara rẹ̀ fọ́. Ó bá ẹ̀kán ọ̀rá kéékèèké nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òkú ló fi han Zenker. Ní ọdún 1873 ni Ernst von Bergmann dá àìsàn náà mọ̀ lára alààyè tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́.

Ẹni tó bá ti fọ́ eegun ẹran jẹ rí mọ mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀. Bí eegun ńlá bá ṣẹ́, ọ̀rá yìí lè bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ya. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọkàn, ọkàn á tì í sí ẹ̀dọ̀fóró, á sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín ibẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọ̀rá náà á di oró tí ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi sábà ń yọjú láàárín wákàtí 24 sí 72, tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ewu ti kọjá. Òmíràn á ré kọjá dé ọpọlọ, aláìsàn á sì máa sọ ìsọkúsọ. Ohun tó kan orí nìyẹn o.

Àwọn ẹbí ti ń wá ọkọ̀ tí wọn yóò fi gbé e lọ sílé babaláwo nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan dé. Ó wo àyà rẹ̀. Ara dúdú kò jẹ́ kí nǹkan hàn. Ó yí ìpéǹpéjú rẹ̀ dà: àmì pupa tíntìntín ló kún ibẹ̀. Ó sáré pe dókítà, wọ́n sì fún un ní ọ́síjìn. Títí dòní, kò sí abẹ́rẹ́ tí ń yọ ọ̀rá náà kúrò. Wọn á kàn ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí títí ara rẹ̀ yóò fi borí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń yè é.

Ṣùgbọ́n ìdènà wà. Ní ọdún 1989, Lawrence Bone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dallas, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 178. Láàárín àwọn tó fara pa púpọ̀, àwọn tí wọ́n to eegun itan wọn, tí wọ́n sì fi irin dè é láàárín wákàtí 24, kò ní ìyọnu ẹ̀dọ̀fóró tó àwọn tí wọ́n dá dúró ju wákàtí 48 lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́, ẹ fi pátákó tì í, ẹ fi aṣọ dì í kí ó má mì, kí ẹ sì tètè gbé e dé ọsibítù.

Ọ̀rẹ́ mi yè é, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́. Eegun tó ṣẹ́ jinná. Ọ̀rọ̀ ni kò ṣeé tò: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.