Jogbo Ti Kúrò Lọ́gbà: Kí La Ó Máa Pè É?

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ẹ wo ẹ̀bá títì láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀: òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ni ẹ ó rí lọ rẹrẹ. Jogbo nìyẹn. Ewé rẹ̀ ya bí ìka ọwọ́, mẹ́ta tàbí márùn-ún. Òdòdó rẹ̀ ń ta sánsán bí oyin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ewé náà kan ahọ́n yóò mọ ìdí tí a fi ń sọ pé nǹkan korò bíi jogbo. Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Mẹ́síkò àti Àárín Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e wá sínú ọgbà. Nígbà tó yá, ọgbà ò gbà á mọ́.

Ó wù mí kí n kọ nípa irú ewéko bẹ́ẹ̀ lédè tí àgbẹ̀ yóò kà tí kò ní fi béèrè pé kí ni mò ń wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lẹ́nu fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní invasive ni “agbógunwọ̀lú”. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ irọ́ ló ń pa. Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ewéko, David Richardson, Petr Pyšek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ̀ jáde ní 2000 kò béèrè ohun tí ewéko bà jẹ́. Ibi tó rìn dé ló béèrè. Bó bá jẹ́ irúgbìn ló fi ń tàn, ó gbọ́dọ̀ ti hù ní ibi tó ju 100 mítà lọ sí ìyá rẹ̀ kí 50 ọdún tó pé. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò tàbí ẹ̀ka tó ń rá kálẹ̀ ló fi ń tàn, kó ju 6 mítà lọ láàrin ọdún 3. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn èyí, kì í ṣe ìbọn. Òótọ́ ni pé àwọn àjọ kan, IUCN tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá wà lára wọn, ń fi ìpalára kún ìtumọ̀ náà. Tèmi ni pé kí ọ̀rọ̀ kan má ru ẹrù méjì.

Kó tó kan ìyẹn, ewéko ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà kọjá, Yorùbá sì mọ ọ̀rọ̀ àlejò sọ ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. Èyí tó wà níbí tẹ́lẹ̀, ìbílẹ̀ ni. Èyí tí ènìyàn gbé wá, àtọ̀húnwá ni. Èyí tó ti inú ọgbà bọ́ sínú igbó, mo kọ́kọ́ pè é ní ìsáǹsá, mo sì pa á rẹ́: ọ̀daràn ni ìsáǹsá, wọ́n ń wá a kiri, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ewéko yìí wọlé. Mo wá pè é ní afọgbàsílẹ̀. Òmíràn kúrò lọ́gbà, ó hù, ó tilẹ̀ yọ òdòdó, àmọ́ bí ọwọ́ ènìyàn bá kúrò níbẹ̀, á parẹ́. Àtìpó nìyẹn. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ míì wà tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀, nítorí àtìpó lè pẹ́ nílùú kó má ní ìdílé níbẹ̀. Èyí tó ń bí sí i lọ́dọọdún láìsí ẹni tó ń gbìn ín ni mo pè ní afẹsẹ̀múlẹ̀.

Èyí tó wá ń tàn ńkọ́? “Agbilẹ̀” ì bá dára, ṣùgbọ́n àdúrà ni gbígbilẹ̀ lẹ́nu wa. Iṣẹ́ ẹni là ń tọrọ pé kó gbilẹ̀. Ibi tí mo ti ń ronú ni mo rántí orúkọ kejì tí àwọn ìwé ewé kọ fún jogbo: agbale. Wọn ò fàmì sí i. Bí ẹ bá fàmì sí i báyìí, agbálẹ̀, ó di ẹni tó di ìgbálẹ̀ mú láàárọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní agbalẹ̀, ó di ẹni tó gba ilẹ̀, ó sì bá gbalẹ̀-gbòde tan. Agbalẹ̀ ni mo mú. Ẹnì kan lè ní èyí tó wà lójú omi ńkọ́, irú ewéko olódòdó elésè-àlùkò tó gba ipa omi orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì ní 1984, tí wọ́n ń sìn sínú adágún ọgbà tẹ́lẹ̀ nítorí ẹwà? Mo dán “agbadò” wò, àgbàdo ló ń dún létí mi. Kí òun náà máa jẹ́ agbalẹ̀.

Ìdánwò gidi fún ẹni tó bá ń wá irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìgbéléwọ̀n ewu, ìyẹn àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ ewéko àtọ̀húnwá wò kó tó wọ orílẹ̀-èdè. Èyí tí Pheloung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde fún Ọsirélíà ní 1999 ní ìbéèrè 49. Ewéko tó bá gba ju máàkì 6 lọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Èyí tí kò bá tó 1, kó máa bọ̀. Èyí tó bá bọ́ sáàárín, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ìbéèrè kan níbẹ̀ lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, mutilation, tí ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ di gígé ẹ̀yà ara. Ẹ gbé ìwé náà jù síbẹ̀ ná. Ohun tí àgbẹ̀ ń sọ ni: ṣé bí a bá ṣá a, bí a bá ro ó, bí a bá dáná sun ún, ó tún ń rú? Ẹ fi àdá bẹ́ jogbo lónìí, kùkùté rẹ̀ á dá yín lóhùn.

Kò dé ibi tí mo ti lè pè é ní èpò. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń gé ewé rẹ̀ sílẹ̀ oko àgbàdo bí ajílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń sè é ní àgbo ibà. Lójú tèmi, agbalẹ̀ ni jogbo, téèpù tó láti fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá èpò ni, ẹ bi ẹni tó ni oko.