Hygge: Ọgbọ́n tí àwọn ará Denmark fi ń bá ìgbà òtútù gbé

Ní ìlú Copenhagen, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Denmark, bí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bíi aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí yóò ti wọ̀. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan kò ju bíi wákàtí méje lọ, ìkùukùu sì máa ń bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Inú òkùnkùn ni ọmọdé ti ń lọ sí ilé-ìwé, inú òkùnkùn náà ni bàbá àti ìyá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2013 àti 2016, Denmark ló gba ipò kìíní nínú World Happiness Report, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò bí inú àwọn ará orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe dùn tó. Ètò ìlera ọ̀fẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàrin àwọn ará ìlú wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn fúnra wọn léèrè ohun tó ń gbé wọn la ìgbà òtútù já, ọ̀rọ̀ kan ni wọn yóò dárúkọ: hygge. Bí wọ́n ṣe ń pè é súnmọ́ 'húgà'.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Nọ́wè ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè wọn, nítorí abẹ́ ọba kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì wà títí di ọdún 1814. Ìtura, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìgbádùn ìjókòó pẹ̀lú ẹni tí ọkàn ẹni fẹ́ ló papọ̀ di ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó tún ń là á yé ni òdìkejì rẹ̀, 'uhyggelig', tí í ṣe ohun tó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ẹni tó bá wà nínú hygge ti bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù nìyẹn, ó ti wà lábẹ́ ààbò.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣáájú

Ohun àkọ́kọ́ tí àlejò yóò rí ni àbẹ́là. Meik Wiking, olùdarí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣèwádìí ìdùnnú ọmọ ènìyàn ní Copenhagen, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2016 pé nǹkan bíi kílò 6 àbẹ́là ni ará Denmark kọ̀ọ̀kan ń tàn lọ́dún, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ilẹ̀ Yúróòpù tó ń tàn tó bẹ́ẹ̀. 'Ìmọ́lẹ̀ alààyè' ni wọ́n ń pe iná àbẹ́là lédè wọn. Ẹni tó bá sì ń ba ìgbádùn àwùjọ jẹ́, 'lyseslukker' ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn apàbẹ́là.

Wọn kì í fẹ́ iná funfun kan ṣoṣo tí yóò máa tàn yòò láti òkè àjà. Fìtílà kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń gbé sí igun ilé, kí ìmọ́lẹ̀ wọn lè pọ́n díẹ̀ bíi ti iná àdògán. Poul Henningsen (1894–1967), ayàwòrán ilé, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá fìtílà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní í gún ènìyàn lójú. Èyí tó ṣe lọ́dún 1958, tí wọ́n ń pè ní PH 5, ṣì wà lókè tábìlì oúnjẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé títí di òní.

Bí oṣù Kejìlá bá wọlé, wọ́n á tan àbẹ́là kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà 1 sí 24 sí lára. Ojoojúmọ́ ni ìdílé máa ń tàn án títí yóò fi jó kọjá nọ́ńbà ọjọ́ náà. Nígbà tó bá jó dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ti dé nìyẹn.

Àjọjẹ àti àjọṣe

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní orúkọ tirẹ̀, 'fredagshygge'. Òbí àti ọmọ á jókòó pọ̀ ní pálọ̀, wọ́n á da súìtì sínú abọ́ kan tí ọwọ́ gbogbo wọn ń wọ̀, wọ́n á jọ wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà ọdún Kérésìmesì, wọ́n á se gløgg, ọtí wáìnì gbígbóná tí wọ́n fi kànáfùrù àti èso àjàrà gbígbẹ sí. Ohun tí wọ́n fi ń mu ún ni æbleskiver, àkàrà róbótó tí ọmọ Yorùbá bá rí i, yóò rò pé pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni. Inú páànù irin oníkòtò kéékèèké ni wọ́n ti ń dín in.

Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọ̀ṣẹ́ nídìí hygge. Wọn kì í fi owó tàbí ipò yangàn níbẹ̀, àríyànjiyàn tó lè dá ìjà sílẹ̀ sì di ọjọ́ mìíràn. Onílé nìkan kọ́ ló ń ṣe wàhálà: ẹnì kan á gé àlùbọ́sà, ẹnì kan á tẹ́ tábìlì, ẹlòmíràn á fọ abọ́.

Ohun tí owó kò lè rà

Lọ́dún 2016, òkìkí hygge kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè Oxford àti Collins fi í sára àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì ọdún náà, àwọn oníṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ ta kúbùsù, ìbọ̀sẹ̀ àti àbẹ́là olóòórùn dídùn lówó gọbọi. Bẹ́ẹ̀ sì ni Jeppe Trolle Linnet, ọ̀mọ̀wé ọmọ Denmark, ti kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 2011 tí àkọlé rẹ̀ sọ pé owó kò lè ra hygge. Ohun ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Bí àṣehàn bá ti wọ̀ ọ́, ó ti bàjẹ́.

Òótọ́ ni pé ilé tó móoru ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ní Denmark ló ń gba ooru láti inú páìpù omi gbígbóná tó gba abẹ́ ilẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Ibi tó kù sí

Hygge ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Denmark ti rí i pé àbẹ́là wà lára ohun tó ń da èéfín tíntìntín tí ojú kò lè rí sínú ilé jù lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba àwọn ará ìlú níyànjú láti ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí òtútù tilẹ̀ mú. Àbùkù kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Agbo tó móoru fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè tutù fún ẹni tó dúró sí ìta, ọ̀pọ̀ àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ ló sì ń ráhùn pé ilẹ̀kùn náà kì í tètè ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, tí bàbá ń lọ síṣẹ́ alẹ́ bí ìyá ṣe ń ti iṣẹ́ ọ̀sán dé. Kò dìgbà tí wọ́n bá ra ohunkóhun. Kí wọ́n mú ìrọ̀lẹ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n pa iná òkè àjà, kí wọ́n tan fìtílà, kí wọ́n gbé fóònù sí yàrá kejì, kí ọbẹ̀ gbígbóná wà lórí tábìlì, kí àgbà sì pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìkòkò eléèédú wọ yàrá nítorí òtútù, nítorí gáàsì rẹ̀ tí kò ní òórùn a máa pa ènìyàn lójú oorun. Bí ará ilé kan bá sì wà ní àdúgbò tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.