Dáàmù ìgbafẹ́ àti ewu rẹ̀: Ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń kà

Bí ọ̀rọ̀ dáàmù bá délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ògiri rẹ̀ ti sán? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àwọn ẹnjiníà fi ń pín dáàmù sí ìpele ewu. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé bí dáàmù náà bá ya, ta ni omi yóò bá nílé?

Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Èyí tí ewu rẹ̀ kéré ni èyí tó jẹ́ pé, bó bá ya, kò jọ pé yóò pa ẹnikẹ́ni, dúkìá ẹni tó ni ín nìkan ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fara gbá a. Ìkejì kò jọ èyí tí yóò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè ba ọ̀nà, iná mànàmáná àti ọrọ̀ ajé jẹ́. Ìkẹta, tí ewu rẹ̀ ga jù, ni èyí tó ṣeé ṣe kó gba ẹ̀mí, ìbáà ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Nítorí èyí, dáàmù tuntun tó dúró gbọn-in lè wà ní ìpele kẹta, kí ògbólógbòó tó ń jò nínú igbó sì wà ní ìpele àkọ́kọ́.

Pé ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún kò yọ ọ́ nínú ètò yìí. Dáàmù South Fork ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ẹ̀rí tó burú jù. Ìjọba ló kọ́ ọ, ó parí ní 1853, ṣùgbọ́n ní 1879 ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn olówó, tí Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà nínú wọn, láti máa fi pẹja kí wọ́n sì máa wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ni ín ṣáájú wọn ti yọ àwọn páìpù irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ tà. Ẹgbẹ́ náà kò fi òmíràn sí i, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dín omi kù. Wọ́n gé orí dáàmù sílẹ̀ kí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lè gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n sì ta àwọ̀n irin sí ẹnu ibi tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde, kí ẹja wọn má baà bá omi lọ. Ẹja olówó ṣe iyebíye!

Ní May 31, 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtí dí àwọ̀n náà, omi sì gba orí dáàmù kọjá títí ó fi ya. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan, omi ti dé ìlú Johnstown, tó jìnnà tó kìlómítà 22. Ènìyàn 2,209 ló kú. Wọ́n ti fi wáyà kìlọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá láìsí nǹkan kan ti sọ etí àwọn ará ìlú di. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi.

Kò sí dáàmù ní Yaba, Surulere tàbí Mushin. Ṣùgbọ́n omi tí dáàmù Ọ̀yán bá tú sílẹ̀ ń bá odò Ògùn wá sí ọ̀sà Èkó. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù náà ní March 29, 1983. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30.4, omi tó sì lè gbà tó mílíọ̀nù 270 mítà oníhà mẹ́ta. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, kì í ṣe ti ìgbafẹ́, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni. Ní October 2010, omi rẹ̀ bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Agbègbè yìí kò jìnnà sí Mile 12, níbi tí púpọ̀ nínú oúnjẹ àwọn ará Mushin ti ń wá.

Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i ní etí odò Ògùn, bẹ́ẹ̀ ni ewu dáàmù Ọ̀yán ń ga, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní apá Ìṣẹ́rí tàbí Owódé yóò ṣe dáadáa bó bá bi àwọn onílé àtijọ́ léèrè ibi tí omi dé lára ògiri wọn ní oṣù September àti October.