Ta Ni a Kọ Ìwé Yorùbá Fún?

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtàwé kan ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, tí ó sì béèrè ìwé Yorùbá, ohun tí wọn yóò kó síwájú rẹ̀ kò mọ sí irú kan ṣoṣo. Yóò rí ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìtàn ìfẹ́ láàrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, eré onítàn, ewì, àti àkójọpọ̀ ẹsẹ Ifá. Ogójì ọdún ṣáájú ìgbà náà, bí kò bá ṣe Bíbélì, ìwé orin tàbí ìwé kíkà ọmọdé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹni bẹ́ẹ̀ ìbá rí mú délé. Kí ni ó fa ìyípadà yìí? Ìdáhùn rẹ̀ fara pamọ́ sínú ìbéèrè mìíràn: ta ni àwọn òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé?

Àwọn ajíhìnrere ni oníbàárà àkọ́kọ́. Nítorí iṣẹ́ ìhìnrere ni Samuel Ajayi Crowther ṣe tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Nítorí rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe túmọ̀ Bíbélì lódindi, tí iṣẹ́ náà sì parí ní 1884. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, èrò rẹ̀ ni pé kí ìwé kíkà di àṣà láàrin àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá yòókù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré iṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí àwọn ni wọ́n la ọ̀nà fún àkọsílẹ̀ èdè náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òǹkàwé tí ó ti mọ̀wé tán yóò fẹ́ ka ohun tí ó kọjá ìwàásù.

Ní Èkó ni ọ̀nà mìíràn ti là. Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, nínú èyí tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ti ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Ní 1930 ni àwọn lẹ́tà náà di odindi ìwé. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ni pé kò sí ìdánwò tí ó fi ipá mú ẹnikẹ́ni ka Sẹ̀gilọlá. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ìwé ìròyìn náà. Ìfẹ́ láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ó ń tì wọ́n.

Ilé-ìwé ni oníbàárà ńlá kejì. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936 ni ó bí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó sì jáde ní 1938. Ìwé ìtàn márùn-ún irú rẹ̀ ni Fágúnwà kọ kí ó tó kú ní 1963. Adùn èdè rẹ̀ fa ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé mọ́ra débi pé igbó tí ó jẹ́ ibi ìyanu di ojú ọ̀nà tí gbogbo èrò ń tọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kà nípa ìgboro, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ibi iṣẹ́ kò rí púpọ̀ kà.

Ní 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ìwé ní ọdún náà ti pé ọmọ ogún ọdún ní 1969. Ọdún 1969 yìí gan-an ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú Àjà Ló Lẹrù jáde, tí Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọ̀daràn. Ọdún kan náà ni Adébáyọ̀ Fálétí fi Ọmọ Olókùn Ẹṣin sọ ìtàn ìjà òmìnira àwọn tí ń sin ìlú mìíràn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní 1970, ó sì kọ Ó Le Kú ní 1974 nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń wá aya. Rẹ́rẹ́ Rún tí Òkédìjí kọ ní 1973 gbé ìyà àwọn òṣìṣẹ́ tí ó daṣẹ́ sílẹ̀ sórí ìtàgé. Kì í ṣe pé ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá àwọn òǹkọ̀wé. Àwọn tí yóò kà wọ́n ni ó ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kan náà tí ó dá òǹkàwé sílẹ̀ lè pa ìfẹ́ ìwé. Ìwé tí ìgbìmọ̀ ìdánwò bá yàn ni ilé ìtẹ̀wé máa ń yára tún tẹ̀. Èyí tí wọn kò yàn sábà máa ń tán ní ọjà láìsí arọ́pò. Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ti kọ́ láti béèrè bóyá ìwé wà fún ìdánwò kí ó tó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé tún ti padà sọ́dọ̀ oníbàárà kan ṣoṣo, bí ó ti rí ní ayé àwọn ajíhìnrere.

Ọwọ́ olùkọ́ ni àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá mú ìwé kan tí kò sí nínú ètò ìdánwò wọ kíláàsì, tí ó ka orí kìíní rẹ̀ sókè, tí ó sì pa ìwé náà dé níbi tí ìtàn ti ń dùn, yóò rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè ohun tí àwọn ará Èkó ń béèrè nípa Sẹ̀gilọlá ní 1929: kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?