Ewé Ọmọ Labalábá

Orúkọ kan tó ń bí mi nínú ni "èpò wàrà". Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Houston, àgàgà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun ní Fulshear, tí wọ́n fẹ́ gbin òdòdó àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí labalábá lè máa yà síbẹ̀. Wọ́n gbé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ewéko náà, milkweed, kalẹ̀, wọ́n là á sí méjì, wọ́n pe apá kan ní wàrà, wọ́n pe apá kejì ní èpò, ó parí. Èpò ni ohun tí à ń ro kúrò lóko. Ohun tí ènìyàn fowó rà, tó kọ ebè fún, tó ń bomi rin láàárọ̀, kì í ṣe èpò lédè wa, ohun yòówù kí Gẹ̀ẹ́sì máa pè é.

Iṣẹ́ ọgbà náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ọgbà náà ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán, nítorí labalábá kì í lè fò dáadáa bí ara rẹ̀ kò bá gbóná. Amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè náà: ó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ lásìkò òjò, ó ń là lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn kọ ebè tó ga díẹ̀, kó po ajílẹ̀ mọ́ ọn, kó sì fi koríko gbígbẹ bo ojú rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ebè kékeré kan, kó má fín oògùn apakòkòrò sí i rárá, kó sì bi ẹni tó ń ta òdòdó náà bóyá wọ́n ti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí i lára kó tó dé ọjà. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká jà lé lórí. Amọ̀, ebè, poro, ajílẹ̀, ọkọ́, gbogbo wọn ló ti wà nílé.

Dípò ọgbà òdòdó, àwọn kan ní "oko òdòdó" ló yẹ kó jẹ́, pé ọgbà ti di ti ẹ̀wọ̀n. Wọ́n gbàgbé pé ohun tí a fi yí ilẹ̀ ká ni ọgbà látilẹ̀wá. Òun là ń ṣe tí a bá ń ṣọgbà. Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi pákó yí ká ní Fulshear bá ọ̀rọ̀ náà mu ju oko lọ. Ní ti òdòdó, Bíbélì Yorùbá àtijọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà pe aṣọ pupa tó ń tàn yòò, mo sì gbà pé ẹwà àwọ̀ ló so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tí iná wà nínú rẹ̀, kó mú ìtànná. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó le ni èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ya ewéko sọ́tọ̀ sí oríṣi méjì. Oríṣi kìíní ni èyí tí labalábá àgbà ń fa omi dídùn inú òdòdó rẹ̀ mu. Oríṣi kejì ni èyí tó ń yé ẹyin sí lára, tí ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ ewé rẹ̀ títí yóò fi tó ìgbà àtiparadà. Ẹni tó gbin oríṣi kìíní nìkan yóò rí labalábá tó ń kọjá lọ. Ẹni tó gbin méjèèjì ni yóò rí èyí tí wọ́n bí sílé rẹ̀. Oríṣi kìíní, "ewéko olóyin" tó o. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì fi wé ẹni tó gbàlejò, ni àwọn atúmọ̀ wa sáré sọ di "ewéko agbàlejò". Èmi kò fara mọ́ ọn. Nílé Yorùbá, a máa ń fún àlejò lómi, a máa ń fún un lóúnjẹ, yóò sì padà lọ sílé rẹ̀. Àlejò kì í jẹ onílé tán dé igi. Yàtọ̀ sí èyí, a kì í pe ọmọ tí a bí síbì kan ní àlejò ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ ewé. Lọ́jà wa gbogbo, obìnrin tó ń ta ewé àti egbò tí à ń sè fún ọmọdé wà níbẹ̀, eléwé ọmọ là ń pè é. Ewé ọmọ ni ewé tí ọmọ fi ń là, tí ara rẹ̀ fi ń le, tí àìsàn kò fi ní lè gbé e dè. Kí wá ni milkweed fún ọmọ labalábá tí wọ́n ń pè ní mọ́nákì? Májèlé wà nínú oje rẹ̀. Ọmọ labalábá ń jẹ ẹ́, kò sì pa á, májèlé náà ń wà lára rẹ̀ títí di àgbà, ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò kì í fẹ́ padà síbẹ̀. Oúnjẹ ni, ààbò ni. Ewé ọmọ gan-an ni. Ewé ọmọ labalábá ni mo fẹ́ kí a máa pe oríṣi kejì yìí, kí a sì fi "agbàlejò" sílẹ̀ fún ilé ìtura. Parsley àti dill jẹ́ ewé ọmọ fún labalábá dúdú onírù kan tó wọ́pọ̀ ní Tẹ́ksáàsì. Igi ọsàn jẹ́ ewé ọmọ fún èyí tó tóbi jù nínú wọn, ẹni tó bá sì ní ọsàn nílé ní Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàràpá ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí ewé rẹ̀ rí, tó dà bí imí ẹyẹ nígbà tó ṣì kéré, kí ẹyẹ má baà kà á sí oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí milkweed fúnra rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Àkọ́kọ́, "wàrà" kò tọ́ sí gbogbo wọn. Asclepias tuberosa, tó ń yọ òdòdó rúsúrúsú, tí wọ́n sábà máa ń gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó gbìn, kò ní oje funfun bẹ́ẹ̀. Wàrà dà níbẹ̀? Ìkejì, Linnaeus, onímọ̀ ewéko tó fún milkweed ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, Asclepias, ní 1753, kò wo wàrà rárá. Orúkọ òrìṣà ìwòsàn àwọn Gíríìkì, Asklepios, ló mú. Èyí ló mú kí ẹnì kan dábàá "ewé Ọ̀sanyìn". Àbá náà wú mi lórí, ṣùgbọ́n kò lè dúró, nítorí ewé wo ni kì í ṣe ti Ọ̀sanyìn? Orúkọ tó bá bá gbogbo ewé mu kò tíì dárúkọ ọ̀kan.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: ewéko yìí ní ìbátan nílé. Bọmubọmu ni, Calotropis procera, tí ewé rẹ̀ nípọn, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń lo oje rẹ̀ láti mú wàrà dì. Inú ìdílé kan náà ni òun àti milkweed wà. Labalábá kan sì ń bẹ ní Áfíríkà, Danaus chrysippus, ìbátan mọ́nákì ni, àwọ̀ wọn jọra, orí bọmubọmu ló ń yé ẹyin sí. Tọmọtìyá, tewétigi, gbogbo rẹ̀ ló ti wà lójú ọ̀nà oko wa kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Houston. Nítorí náà, bọmubọmu Amẹ́ríkà ni. Tuberosa ni bọmubọmu rúsúrúsú. Asclepias curassavica, èyí tí kì í kú nígbà òtútù tí òtútù kò bá mú púpọ̀, ni bọmubọmu ilẹ̀ olóoru. Òun ni kí ẹ gé mọ́lẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá, nítorí kòkòrò àrùn kan ń kóra jọ sórí ewé rẹ̀ tí kò bá wọ́wé.

Báyìí làwọn baba wa ṣe é. Nígbà tí èso àjòjì kan dé tí ewé orí rẹ̀ jọ ti ọ̀pẹ, wọ́n pè é ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó, wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Àwọn mìíràn, wọ́n gba orúkọ wọn mọ́ wọn lára: máńgòrò, àlùbọ́sà. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì lórí èdè-ìperí, òun ló jẹ́ kí a lè kọ́ gírámà lédè wa, ṣùgbọ́n ewéko kì í ṣe gírámà. Ó ti ní orúkọ lẹ́nu ẹnì kan níbì kan. Kí ẹ sì má ṣe túmọ̀ orúkọ ènìyàn. Síníà, òdòdó tó rọrùn láti gbìn, orúkọ Johann Gottfried Zinn ará Jámánì ló ń jẹ́. Fulshear pàápàá, ti Churchill Fulshear ni, tí wọ́n fún nílẹ̀ níbẹ̀ ní 1824. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ wọn. Mọ́nákì náà, mo gbà á bẹ́ẹ̀. "Ọba labalábá" kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ọba wa kì í fi ààfin sílẹ̀ lọ́dọọdún láti rin ìrìn tó tó ti Kánádà sí Mẹ́síkò.

Àwọn kan yóò tijú láti pe ewéko kan ní imí eṣú. Ewéko elésè àlùkò kan wà tí akọ labalábá máa ń rọ́ lù ní Tẹ́ksáàsì, mistflower ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti dá "òdòdó ìkùukùu" sílẹ̀ fún un. Kí ló ṣe imí eṣú? Ìbátan rẹ̀ nìyẹn, àwọ̀ òdòdó wọn jọra, gbogbo oníṣègùn ló mọ̀ ọ́n. Ìbátan mìíràn tún ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní Akíntọ́lá takú, nítorí bí wọ́n ti ń ṣán an ló ń hù padà, bí Ládòkè Akíntọ́lá ti kọ̀ láti kúrò lórí àga olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1962. Àwọn àgbẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe. Gúúsù Tẹ́ksáàsì wà lára ibi tí ewéko yìí ti ṣẹ̀ wá, àwọn kan sì ń gbìn ín níbẹ̀ fún labalábá.

Ìyípadà ọmọ labalábá sí labalábá, ìparadà ni, àwọn ọdẹ ti fún wa lọ́rọ̀ náà. Ilé tó ń wọ̀ kó tó hu ìyẹ́ ni wọ́n ń pè ní "pósí labalábá". Ẹ kọ̀ ọ́. Kò sí òkú níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé sányán, nítorí òwú ni wọ́n fi ń hun ti sányán, ṣùgbọ́n abẹ́ awọ tí ọmọ labalábá bọ́ kẹ́yìn ni ti labalábá ti yọ, tó sì le. Awọ ìparadà ni mo pè é. Ẹni tó mọ ìtàn obìnrin ẹfọ̀n tí ọdẹ fi awọ rẹ̀ pamọ́ yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹ̀fun tó ń lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò nínú òdòdó ńkọ́? Ìyẹ̀ òdòdó. Ìyẹ̀ tó wà nínú ìyẹ̀ròsùn nìyẹn, eruku dáadáa tó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n kò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, ìyẹn orúkọ ọmọ labalábá nígbà tó ṣì ń rákò lórí ewé. Ìdin ń run òórùn. Kòkòrò ajewé tọ́, ṣùgbọ́n ó gba eṣú àti tata mọ́ra. Ó dá mi lójú pé Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìkálẹ̀ tàbí Kétu ní orúkọ fún un, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè é tí wọ́n bá rí i lórí ewé ọsàn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì fi orúkọ ìlú náà kún un.